Olè Ló Ta Àgádágodo

Olè ayé àtijọ́ ló ń já ilẹ̀kùn. Tòde òní ti lajú, àgádágodo ló ń tà. Yóò ta á fún ọ, yóò já rìsíìtì lé ọ lọ́wọ́, kọ́kọ́rọ́ kejì á sì wà lápò rẹ̀ bó ṣe ń kí ọ pé o kú ọjà.

Ẹ má rò pé àlọ́ ni mò ń pa. Ilé iṣẹ́ kan wà ní Switzerland nígbà kan tó ń jẹ́ Crypto AG. Ẹ̀rọ tó ń sọ ọ̀rọ̀ àṣírí di wúruwùru ni wọ́n ń tà, kí ìjọba lè bá àwọn aṣojú rẹ̀ lókè òkun sọ̀rọ̀ láìsí pé ẹnì kan ń ta etí sí i. Orílẹ̀-èdè tó lé ní 120 ló rà á. Ta ni ò ní fọkàn tán Switzerland? Àwọn tó bá Abacha tọ́jú owó tí wọn ò fọhùn, ṣé àwọn náà ló máa tú àṣírí?

Àṣé láti 1970 ni àwọn ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́, CIA ilẹ̀ Amẹ́ríkà àti BND ilẹ̀ Jámánì, ti dáwó jọ ra ilé iṣẹ́ náà ní bòókẹ́lẹ́. Wọ́n tún inú ẹ̀rọ ọ̀hún tò, kó lè rọ̀ wọ́n lọ́rùn láti tú ọ̀rọ̀ tó bá gba ibẹ̀ kọjá. Jámánì yọwọ́ ní 1993. Amẹ́ríkà jókòó ti ọjà títí di 2018. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ máa ń bẹ̀rù ayédèrú, ojúlówó lèyí o! Oníbàárà ń sanwó kí wọ́n lè gbọ́ àṣírí rẹ̀, àwọn tó ń gbọ́ ọ sì ń pín èrè.

Ní 1992, Iran fura, wọ́n sì mú ọ̀kan lára àwọn tó ń bá ilé iṣẹ́ náà tajà. Oṣù mẹ́sàn-án ló lò látìmọ́lé, bẹ́ẹ̀ kò mọ nǹkan kan. Mílíọ̀nù kan dọ́là ni wọ́n fi gbà á sílẹ̀. Nígbà tó délé, ilé iṣẹ́ lé e dànù, wọ́n ní kó dá owó náà padà. Ọ̀gá rere!

Ti Lẹ́bánónì kò ní ẹ̀rín nínú. Ẹgbẹ́ ológun Hezbollah níbẹ̀ sá fún fóònù nítorí àwọn tó ń gbọ́ ọ̀rọ̀ wọn, wọ́n lọ ra péjà. Àdó olóró ti wà nínú rẹ̀ kó tó dé ọwọ́ wọn. Ní ọjọ́ 17 oṣù Kẹsàn-án 2024, ẹgbẹẹgbẹ̀rún rẹ̀ bú gbàmù. Àwọn ọmọdé wà lára àwọn tó kú.

Ká padà sílé: orúkọ Nàìjíríà wà lára àwọn oníbàárà Crypto AG. Nítorí náà, ẹ̀yin ọ̀gágun wa tó ti fẹ̀yìn tì, ẹ má wulẹ̀ da ara yín láàmú láti kọ ìtàn ìgbà tẹ́ ẹ wà lórí oyè. Ẹ kàn lọ tọrọ ẹ̀dà lọ́wọ́ CIA.