Ọ̀gbẹ́ni Kò-Jìnnà

Ẹ mọ̀ ọ́n. Ó wà níbi iṣẹ́ yín, ó wà ní ṣọ́ọ̀ṣì yín, ẹ sì jọ ń dá àjọ. Láìpẹ́ sẹ́yìn, ayálégbé bíi tiwa ni ní Bódìjà tàbí Ring Road nílùú Ìbàdàn, tó ń yọ́ kọjá lẹ́yìn fèrèsé onílé bí owó ilé bá ti pé. Láti ọjọ́ tó ti kó lọ sí ẹ̀yìn Mọ́níyà, ìwàásù ló kù tó ń ṣe. Ẹ dá ọ̀rọ̀ bọ́ọ̀lù sílẹ̀, ẹ dá ọ̀rọ̀ òkú sílẹ̀, yóò fà á dé orí ilẹ̀. "Ìgbà wo lẹ fẹ́ kúrò nílé onílé?" Bí ẹ bá wá béèrè ibi tí tirẹ̀ wà gan-an, á ju ọwọ́ sápá kan bí ẹni tó ń lé eṣinṣin. "Kò jìnnà rárá. Ogún ìṣẹ́jú péré sí Bódìjà."

Ogún ìṣẹ́jú yìí tó kí á tú u wò, nítorí orí rẹ̀ ni gbogbo ìgbàgbọ́ ọkùnrin yìí dúró lé. Mo ti fẹ̀sọ̀ wádìí bó ṣe ń kà á. Ọjọ́ Àìkú ló wọ̀n ọ́n, ní ìdájí, nígbà tí ìlú ṣì ń sùn. Kò sì bẹ̀rẹ̀ kíkà láti ẹnu ọ̀nà ilé rẹ̀. Etí títì ọlọ́dà ló ti bẹ̀rẹ̀. Ọ̀nà yẹ̀pẹ̀ tó wà láàárín ilé àti títì, tí ọlọ́kadà ń gba owó gọbọi lé lórí bí òjò bá ti rọ̀, kò sí nínú ìṣirò. Kòtò kò sí nínú ìṣirò. Afárá onípákó tí gbogbo èrò gbọ́dọ̀ bọ́ sílẹ̀ kí ọkọ̀ tó lè gùn ún, òun náà kò sí níbẹ̀. Òjóò ńkọ́? Ta ló mọ Òjóò láago méje àárọ̀ ọjọ́ Ajé, tí tírélà tó ti òkè Ọya bọ̀ àti Máíkírà tó ń kó akẹ́kọ̀ọ́ lọ sí Àgbowó ń du àyè kan ṣoṣo, tí yóò ka ìyẹn mọ́ ogún ìṣẹ́jú? Ó pẹ́ dé ibi iṣẹ́ lánàá: sún-kẹrẹ-fà-kẹrẹ ni. Ó pẹ́ lónìí: òjò ni. Lọ́la, tírélà ni yóò ṣubú. Láti ìgbà tó ti kó lọ síbẹ̀, kò tíì sí ọjọ́ kan tí ọ̀nà jìn. Nǹkan kan ṣáà ń ṣẹlẹ̀ lójoojúmọ́ ni.

Ẹ yẹ búùtù ọkọ̀ rẹ̀ wò. Bàtà rọ́bà, ṣòkòtò kejì, kẹ́ẹ̀gì omi, tówẹ̀lì àtijọ́ kan tí kò tún lè funfun mọ́ láyé. Mo ti bá a ní ibi ìgbọ́kọ̀sí níwájú ọ́fíìsì rí, ó jókòó sórí àga awakọ̀, ó na ẹsẹ̀ méjèèjì síta, ó ń da omi sí ẹrẹ̀ pupa tó wà láàárín ọmọ ìka ẹsẹ̀ rẹ̀, ó fi èjìká gbá fóònù mọ́ etí. Ohun tó ń sọ fún ẹni ẹlẹ́ni ni pé, "Ẹ̀gbọ́n, afẹ́fẹ́ ibẹ̀ yàtọ̀ sí ti ìgboro. Ẹ máa sùn dáadáa."

Bí ẹ bá fi ẹrẹ̀ yìí bú u, ìtàn ni yóò fi dá yín lóhùn. "Bódìjà náà ńkọ́? Ṣé kì í ṣe oko ni tẹ́lẹ̀?" Oko ni. Ṣùgbọ́n ní 1959, nígbà tí ìjọba Ìwọ̀ Oòrùn bẹ̀rẹ̀ Bódìjà, ètò ló ṣáájú ilé. Wọ́n ya àdúgbò náà sórí ìwé, wọ́n mọ ibi tí títì máa gbà, ibi tí omi ẹ̀rọ máa gbà, ibi tí iná máa gbà. Níbi tí Ọ̀gbẹ́ni Kò-Jìnnà wà, ilé ló ṣáájú, ètò ṣì ń bọ̀ lẹ́yìn, bóyá ọ̀kadà ló ń wá. Kálukú ni ìjọba ara rẹ̀: ó gbẹ́ bọ́ọ̀hóòlù tirẹ̀, ó gbé sólà tirẹ̀ sórí òrùlé, ó gba ọlọ́dẹ tirẹ̀. Kódà ó ra òkúta, ó dà á sí kòtò tó wà níwájú géètì rẹ̀, ó wọ̀n ọ́n dọ́gba, kò jẹ́ kí ẹyọ kan ta kọjá sí iwájú ilé aládùúgbò. Ẹni tó ń gbé irú ayé yìí ló ń pe ara rẹ̀ ní ẹni tó bọ́ lọ́wọ́ onílé.

Ọ̀rọ̀ ìwé ilẹ̀ náà kò gba àlàyé púpọ̀. Láti 1978 ni òfin ti fi ilẹ̀ sí ìkáwọ́ gómìnà, àmọ́ àwọn ọmọ onílẹ̀ kò jẹ́ kí ìyẹn dí wọn lọ́wọ́. Ó san owó ìpìlẹ̀, ó san owó dẹ́kìnì, ó san owó òrùlé. Ìwé rẹ̀ "ti wà ní Sẹkitéríàtì." Ibẹ̀ náà ló ṣì wà.

Ó fẹ́ràn láti máa dárúkọ reluwé. Lóòótọ́, láti oṣù Kẹfà 2021 tí ọkọ̀ ojú irin Èkó sí Ìbàdàn ti bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́, Mọ́níyà ni ibùdó rẹ̀, ilẹ̀ ibẹ̀ sì gbówó lórí. Ṣùgbọ́n Dùgbẹ̀ lọkùnrin yìí ti ń ṣiṣẹ́, Èkó ni ọkọ̀ náà ń lọ. Ó ń gbọ́ fèrè rẹ̀, ó ń gbéra ga, lẹ́yìn náà ó wọ ọkọ̀ rẹ̀, ó lọ dúró sínú sún-kẹrẹ-fà-kẹrẹ Òjóò. Ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ tó wà lápá Circular Road sàn díẹ̀: títì oníkìlómítà 110 tó ń fi gbogbo ẹnu ròyìn yẹn ń bọ̀ lóòótọ́, ó sì ti bá àwọn onílé kan nínú ilé. Àwọn náà ló jáde lọ fẹ̀hónú hàn pé ilẹ̀ tí ìjọba gbà lẹ́gbẹ̀ẹ́ títì ti pọ̀ jù.

Ó ní owó ilẹ̀ òun ti di ìlọ́po mẹ́ta. Ta ló dá owó náà lé e? Òun ni. Nígbà tí owó ilé ìwé ọmọ wá há a lọ́rùn, kò rí ẹni tí yóò fún un ní iye tó rà á pàápàá, kọpuréétì ló lọ yá. Òwúrọ̀ ọjọ́ kejì, ó tún ń ṣírò ìlọ́po mẹ́rin.

Kí ló dé tí kò lè fi wá lọ́rùn sílẹ̀? Ó pẹ́ kí ó tó yé mi. Kọmíṣọ́n wà ńbẹ̀, ìdá kan nínú mẹ́wàá fún ẹni tó bá mú oníbàárà wá. Ìyẹn kéré. Tiransifọ́mà gan-an ni ọ̀rọ̀. Àwọn onílé ló ń dá owó ra tiransifọ́mà, òpó àti wáyà. Bí ilé bá jẹ́ mẹ́wàá, owó náà ń pa wọ́n, bó bá jẹ́ ogójì, wọ́n á mí. Nítorí náà, nígbà tó bá ń wo ojú yín tìfẹ́tìfẹ́, kì í ṣe ọ̀rẹ́ ló ń rí. Ìdá kan nínú ogójì tiransifọ́mà ló ń rí.

Èyí tí n kò lè dárí jì í ni ti oṣù Kíní 2024. Nǹkan bú gbàmù ní Bódìjà lálẹ́ ọjọ́ 16, ilé wó, èèyàn kú, ìjọba ní ohun abúgbàmù tí àwọn awakùsà kó sínú ilé ni. Ilẹ̀ ọjọ́ kejì kò tíì mọ́ tán tí àtẹ̀jíṣẹ́ rẹ̀ fi wọlé: àwòrán pílọ́ọ̀tì, iye owó, àti "Ẹ jẹ́ ká sá kúrò ní ìgboro." Àwọn èèyàn ṣì ń wá ará wọn lábẹ́ àwókù o! Ọkùnrin kan náà ni yóò dé ọjà Bódìjà lọ́jọ́ Sátidé, tí yóò pariwo pé gàrí ti wọ́n jù, pé kí ló ṣẹlẹ̀ sí àwọn àgbẹ̀ Akínyẹlé. Orí oko ẹ̀gẹ́ wọn ló mọ fẹ́ǹsì sí.

Epo ló padà ṣe ohun tí àlàyé kò lè ṣe. Láti òpin oṣù Karùn-ún 2023 tí ìjọba àpapọ̀ ti yọ owó ìrànwọ́ orí epo, tí jálá epo tí kò tó 200 náírà fò kọjá 500, tó tún gòkè sí i lẹ́yìn náà, ogún ìṣẹ́jú náà bẹ̀rẹ̀ sí í gbowó lọ́wọ́ rẹ̀. Ó kọ́kọ́ fi àwọn ọmọ sọ́dọ̀ ìyá ìyàwó rẹ̀ láti ọjọ́ Ajé dé ọjọ́ Ẹtì. Lẹ́yìn náà lòun náà gba yàrá kan sí Àgbowó, "nítorí iṣẹ́ ṣáá ni o." Onílé ti tún di ayálégbé. Bí ìyá onílé ṣe kan ilẹ̀kùn lọ́sẹ̀ tó kọjá pé òun wá gba ìyókù owó ilé, ó fún màmá ní àga, ó ṣí fóònù, ó ń fi àwòrán hàn wọ́n.

"Ẹ ta ilé yìí, Mọ̀mí, kí ẹ fi owó rẹ̀ ra éékà méjì lọ́dọ̀ wa."

Màmá wo àwòrán náà títí. Wọ́n ní ó dára o, kí ó lọ tà á, kí ó fi san owó ilé àwọn.