Kọ "Mi Ò Mọ̀", Kóo Gba Pátẹ́ǹtì

Ẹ̀yin náà gbọ́ ariwo Geneva. Ní oṣù Karùn-ún ọdún 2024, lẹ́yìn nǹkan bí ọdún 25 tí wọ́n ti ń jókòó tí wọ́n ń dìde, àwọn orílẹ̀-èdè tó wà nínú WIPO, àjọ àgbáyé tó ń rí sí ohun-ìní ọpọlọ, fẹnu kò pé ẹni tó bá fẹ́ gba pátẹ́ǹtì lórí ohun tó ti ara ewé àti egbò jáde gbọ́dọ̀ sọ orílẹ̀-èdè tí ewé náà ti wá, àti àwọn ará ìlú tó kọ́ ọ ní ìlò rẹ̀. A pàtẹ́wọ́. Àṣìṣe tèmi ni pé mo lọ ka ìwé àdéhùn náà.

Abala kẹta ni ẹ máa wò. Bí olùbéèrè kò bá mọ ibi tí ewé ti wá, kó kọ ọ́ sílẹ̀ pé òun kò mọ̀. Ó tán. Wọn ò sì sọ ọ́ di dandan fún ọ́fíìsì kankan láti wádìí bóyá òótọ́ ló ń sọ. Abala karùn-ún wá bu iyọ̀ sí i: wọn ò gbọdọ̀ tìtorí pé kò sọ nìkan wọ́gi lé pátẹ́ǹtì rẹ̀, àfi bó bá jẹ́ pé ó mọ̀ọ́mọ̀ ṣe màgòmágó.

Ẹ jẹ́ ká gbé e wálé. Àlejò kan gun òkè wá sí Ọ̀kà Àkókó, ó bá ìyá àgbà kan ní Ìwàrò tó ń fi orín àtá fọ eyín. Ìyá gúnyán fún un, ó fi igi hàn án, ó sọ gbogbo ohun tí gbòǹgbò rẹ̀ ń wò. Àlejò padà sílùú rẹ̀, ó gba fọ́ọ̀mù. Níbo lo ti rí i? Mi ò mọ̀. Ta ló kọ́ ọ? Mi ò mọ̀. Iyán ta lo jẹ? Fọ́ọ̀mù ò béèrè ìyẹn. Òǹtẹ̀ balẹ̀, gbàù! Ó di tirẹ̀ fún 20 ọdún.

Ká tiẹ̀ ní olóòótọ́ ni, tó fẹ́ kọ orúkọ ìlú. Ìlú wo? Ọ̀kà á ní tàwọn ni. Ìkàrẹ́ á ní àwọn ti ń lò ó kí Ọ̀kà tó léyín. Bó bá wá já sí Ìkàrẹ́, ọba wo ni yóò fọwọ́ sí i, Ọwá-Alẹ̀ àbí Olúkàrẹ́? Ọdún 25 mìíràn nìyẹn.

Irú rẹ̀ ti ṣẹlẹ̀ rí. Ní 1995, Amẹ́ríkà fún Yunifásítì Mississippi ní pátẹ́ǹtì lórí fífi àtalẹ̀ pupa wo egbò. Ìwé àtijọ́ tó fi hàn pé ó ti ń lò ó tipẹ́ ni Íńdíà kó kalẹ̀ kí wọ́n tó wọ́gi lé e ní 1997, torí òfin Amẹ́ríkà nígbà náà kò ka ohun tí ìyá àgbà òkèèrè mọ̀ sí, àfi èyí tí wọ́n bá ti tẹ̀ sínú ìwé. Ìyá Ìwàrò ò tẹ ìwé kankan.

Tiwa tó níwèé ńkọ́? Iyèré, kànáfùrù, osùn, ewé ọkà bàbà: ohun tó wà nínú àgbo fòníkú-fọ̀ladìde tí Ẹni Ọ̀wọ̀ Ògúnyalé fi lé ìjọba lọ́wọ́ nìyẹn. NIPRD, ilé-iṣẹ́ ìwádìí oògùn ti ìjọba ní Abuja, gba pátẹ́ǹtì rẹ̀ ní Amẹ́ríkà ní 1998, wọ́n sọ ọ́ ní Niprisan. Wọ́n wá gbé e fún Xechem, oníṣòwò Amẹ́ríkà, tí gbèsè gbé dé kóòtù ní 2008. Mi ò ṣe ẹ̀fẹ̀ níbí o. Ọmọ ń ké egungun lóru, ìyá rẹ̀ ń fi omi gbígbóná tẹ̀ ẹ́ lẹ́sẹ̀, oògùn rẹ̀ nígbà náà sì wà lọ́wọ́ ẹni tí kò lè san gbèsè ara rẹ̀! Ta ló rán wọn níṣẹ́ yẹn?