Ẹ Má Tún Ọ̀nà Ìwó Ṣe, Ẹ Jọ̀ọ́

Ẹ bá mi yọ̀, ẹ̀yin ará. Iṣẹ́ ti dé. Mo ti di amọ̀nà fún àlejò tó bá fẹ́ fi ọjọ́ kan péré wo ìlú Ìwó. ₦50,000 lórí ẹnì kan, oúnjẹ ọ̀sán wà níbẹ̀. Òṣogbo ń fi Igbó Ọ̀ṣun tí UNESCO fọwọ́ sí ní 2005 pa owó, Abẹ́òkúta ń fi Òkè Olúmọ pa tiwọn. Ṣé àwa ọmọ Olúwòó la ó wá máa juwọ́ sí àlejò tó ń kọjá lọ?

Ohun tí n ó kọ́kọ́ ṣe láàárọ̀ ni kí n wádìí ibi tí àlejò já sí. Ẹni tó ti Èkó wá, tó ní Ìwó lòun ń lọ, Ìwó Road n'Ìbàdàn ni wọ́n á já a sí, á sì ti máa ya fọ́tò afárá. N ó ní, "Ọ̀gá mi, Ìbàdàn lẹ ṣì wà o. Ẹ wọ mọ́tò mìíràn."

Bó bá dé, ó di ààfin. Kábíyèsí wa, Olúwòó, Ọba Abdulrasheed Adéwálé Àkànbí, kí adé pẹ́ lórí, ti fìgbà kan ní kí wọ́n máa pe òun ní Ẹ́míà. Ọba Yorùbá àti Ẹ́míà, ojú kan, owó kan! Kánò gan-an ò lè tà á báyẹn. Kí àlejò má sì rò pé àná ni ẹ̀sìn wọ̀lú, n ó sọ fún un pé Ọba Mọ́mọ́dù Lámúyẹ, tó wàjà ní 1906, ti kírun lórí ìtẹ́ yìí. Láti ibẹ̀, ó di Yunifásítì Bowen, tí àwọn Onítẹ̀bọmi ṣí ní 2002 sínú ọgbà kọ́lẹ́ẹ̀jì olùkọ́ wọn àtijọ́. Àlejò á ní báwo ni ìlú àwọn Ààfáà ṣe gbà á láyè. Ilé tí Sàlámì àti Sámúẹ́lì ti jọ ń jẹun nínú àwo kan kì í bi irú ìbéèrè bẹ́ẹ̀.

Odídẹrẹ́ ló máa dá wàhálà sílẹ̀. Ìlú odídẹrẹ́ ni wọ́n ń pe Ìwó, àlejò á sì ti gbé kámẹ́rà dání. Àwọn tó ń kó ẹyẹ náà tà kò jẹ́ kó gbádùn nínú igbó, débi pé ní 2016, àwọn orílẹ̀-èdè tó pàdé ní Johannesburg fòfin de títà á kọjá ẹnubodè. Ìkóódẹ ni n ó fi han àlejò. N ó ní ẹyẹ tó ni ín ti lọ sókè òkun, kò sì sanwó amọ̀nà.

Mo kọ ọ́ sínú ìwé pé ìrìn àdáni ni, èmi àti àlejò nìkan. Irọ́ ni. Tí a bá dé ọjà Odò-Orí, ìyá ẹléwé kan á já ìtàn gbà lẹ́nu mi, bàbá kan á ní ìyá náà ò mọ nǹkan kan. Kí oòrùn tó wọ̀, amọ̀nà á ti pọ̀ ju àlejò lọ, gbogbo wọn á sì máa wojú àpò rẹ̀.

Ṣùgbọ́n títì gan-an lọjà mi. Ìtàn sọ pé Télù, tí ìran Olúwòó ti ṣẹ̀, ọmọ Lúwòó ni, obìnrin tó jẹ Ọọ̀ni, tó ní òun ò lè fẹsẹ̀ tẹ ẹrẹ̀, tó sì ní kí wọ́n fi àpáàdì tẹ́ ìgboro Ifẹ̀. Ojú ọ̀nà Ìwó sí Òṣogbo ni n ó ti sọ ọ́ fún àlejò, bí orí rẹ̀ bá ṣe ń gbá òrùlé mọ́tò. Àwọn awalẹ̀pìtàn ṣì ń rí àpáàdì Ifẹ̀ nílẹ̀ dòní. Ọ̀dà ìjọba, òjò ọdún kejì ni kò ní bá a ńlẹ̀.

Nítorí náà, mo bẹ gómìnà, mo bẹ mínísítà, mo bẹ gbogbo ẹni tó ń ṣèlérí bí ìbò bá ti ń bọ̀: ẹ fi kòtò ojú ọ̀nà yẹn sílẹ̀ bẹ́ẹ̀. Tí ọ̀nà bá dán, àlejò á máa fẹsẹ̀ ara rẹ̀ wá, oníṣòwò á tẹ̀ lé e, ọmọ Ìwó tó ti gbàgbé sí Èkó á máa wálé lóṣooṣù. Ta ló máa wá nílò amọ̀nà?