Alàgbà Afọmọrúbọ

Níbikíbi tí a bá ti tẹ́ pátákó ṣẹ́ẹ̀sì, tí òǹwòran mẹ́ta sì yí i ká, ẹ má wá Alàgbà Afọmọrúbọ jìnnà: òun ni ẹni tí ó ti ká agbádá lé èjìká kí eré tó bẹ̀rẹ̀, tí ó ń pe ara rẹ̀ ní ọ̀ta láàrin àwa òpè. Àwa ni a sọ ọ́ lórúkọ yìí, nítorí pé àwọn àgbà ní a kì í fi ọmọ Ọrẹ̀ bọ Ọrẹ̀, ṣùgbọ́n bí ọmọ-ogun iwájú ọba rẹ̀ bá ti ko ti alátakò lójú báyìí, kíá ni yóò mú ọmọ-ogun kejì tí ó ń ṣọ́ ẹ̀gbẹ́ ọba, tí yóò gbé e síwájú ọ̀tá bí ẹni gbé ẹbọ kalẹ̀ ní oríta, tí ẹ̀gbẹ́ kábíyèsí yóò sì wà ní gbayawu. Afọmọrúbọ, a-fẹṣin-tọrẹ, ọkọ ayaba tí kì í sunkún ayaba!

Ìtàn kan ṣoṣo ni ó ní: bí Adolf Anderssen, olùkọ́ ìṣirò láti Breslau, ṣe fi irú ẹbọ yìí ko Kieseritzky lójú ní Lọ́ńdọ̀nù ní 1851, tí ó yọ̀ǹda bíṣọ́ọ̀bù kan, ilé-ìṣọ́ méjèèjì àti ayaba fúnra rẹ̀, tí ó sì fi ẹṣin méjì àti bíṣọ́ọ̀bù tí ó kù há ọba ọkùnrin náà mọ́lé ní ìṣísẹ̀ kẹtàlélógún. Bí ó bá kan ayaba, ohùn rẹ̀ a máa gbọ̀n, bí ẹni pé òun ni ó yọ̀ǹda rẹ̀. Ẹ má sì dárúkọ Bobby Fischer létí rẹ̀, ẹni tí Spassky fi ẹbọ yìí nà ní 1960, tí ó sì kọ ọ́ jáde ní 1961 pé ẹbọ náà kò lè dà; yóò ní Fischer pàápàá padà wá rú u. Òótọ́ ni, n kò ní purọ́ mọ́ ọn.

Àṣìṣe rẹ̀ ni pé ipa ti Anderssen ni ó há sórí, kò sì sí ẹni tí ó há ti Kieseritzky. Lọ́jọ́ Sátidé kan, ọmọdébìnrin kan tí kò tíì pé ọdún 12 kúnlẹ̀ kí i, ó jókòó, ó jẹ ẹbọ, ó sì fi ayaba lé ọba rẹ̀ kúrò lórí ìtẹ́. “Kò burú, bẹ́ẹ̀ náà ni wọ́n ṣe Anderssen!” ni Alàgbà wí. Àmọ́ ọmọ náà kò ṣe èyí tí ó kù. Ó ń tún odi rẹ̀ mọ, bí Alàgbà bá sì ti fi ẹṣin tọrẹ, a gbà á, a ní, “Ẹ ṣeun, bàbá.” Nígbẹ̀yìn, ọmọ-ogun rẹ̀ tí ó jẹ ẹbọ àkọ́kọ́, tí olúkúlùkù ti gbàgbé, rọra wọ ilé ìkẹyìn, ó di ayaba. Kò sí ayaba kejì nínú àpótí, ni ọmọ náà bá gbé ìdérí ìgò ọtí ẹlẹ́rìndòdò lé ibẹ̀. “Ayaba nìyí, bàbá. Ọba yín ti há.”

Alàgbà tẹjú mọ́ ìdérí náà pẹ́. Ó ní òun kò lè gbà kí páànù pa ọba, kí a tún un tò. Kí ọmọ náà tó ṣa páànù rẹ̀ kúrò, ẹbọ ti tún wà ní oríta.