Ta Ló Ni Oríkì Yìí?

Fáànù ọmọ afẹ́fẹ́ gbígbóná,
a-ké-lójú-iṣẹ́, a-ké-lójú-oorun,
ìwọ tí o kò fẹ̀ ju àtẹ́lẹwọ́ lọ
tí o jọba lórí gbogbo yàrá ìkàwé,
o kú orí ìtẹ́.
Wọ́n kọ ọ́ sára ògiri pé kí olúkúlùkù dákẹ́,
o ní òfin náà kò kan tìrẹ.
Àgbàlagbà wúkọ́, o kò gbà.
Olùṣọ́ ilé wò ọ́ lẹ́ẹ̀mejì, o kò tijú.
Bátìrì tó yẹ kó dalẹ́,
o jẹ ẹ́ tán kí oúnjẹ ọ̀sán tó délẹ̀.
Orí itan akẹ́kọ̀ọ́ lo dáná sí,
o kò sebẹ̀, o kò rokà.

Báyìí ni wọ́n ṣe ń ki fáànù láàpútọ́ọ̀pù nílùú New York nígbà tí update kernel, ìpìlẹ̀ ètò ẹ̀rọ, bá ti wọlé lóru. Ní Rose Main Reading Room, yàrá ńlá tó wà nínú ilé ìkàwé tí wọ́n ṣí ní Fifth Avenue lọ́dún 1911, tábìlì gùn, òrùlé ga, ìdákẹ́jẹ́ sì pọ̀ débi pé bí fáànù ẹnì kan bá bẹ̀rẹ̀, gbogbo ojú á yí sí olúwarẹ̀, tí yóò fi di láàpútọ́ọ̀pù dé pẹ̀lú ìtìjú. Oríkì náà dùn, mo gbà. Àmọ́ fáànù kọ́ ló ni ín. Ẹni tó ni ín wà nísàlẹ̀, kò sọ̀rọ̀, ó ń fi iná, owó àti oorun èèyàn ṣòfò. Wíwá ni ká wá a rí kí a tó ṣẹ̀sín ẹnikẹ́ni, nítorí yẹ̀yẹ́ tó bá ṣìnà ń ná àwọn èèyàn wa lówó.

Fáànù kì í dá ké. Inú ọpọlọ ẹ̀rọ ni ohun tó ń wọn ooru wà. Òun ló ń fi bí ooru ṣe tó han ẹ̀rọ kékeré tó ń darí fáànù, bí ooru bá sì ti ń gòkè ni fáànù á máa yára. Tí kò bá nídìí, obìnrin kì í jẹ́ Kúmólú. Fáànù tó ń ké lẹ́yìn update ń sọ fún wa pé ẹnì kan ń ṣiṣẹ́ nínú ilé tí a kò rán an. Àwọn kan á lọ fi tipátipá mú fáànù kó máa rọra yí. Wọ́n ti pa akéde, wọ́n sì fi ọ̀tá sílẹ̀: ooru á máa ga títí ẹ̀rọ á fi bẹ̀rẹ̀ sí í wọ́ fúnra rẹ̀, tàbí kó kú lójijì lẹ́nu iṣẹ́.

Ìyá kan wà nínú ìjọ wa ní Bronx tó ń tọ́jú arúgbó lóru, tó sì ń kọ́ iṣẹ́ nọ́ọ̀sì lọ́sàn-án. Láàpútọ́ọ̀pù rẹ̀ ti pẹ́. Nígbà tí Microsoft dáwọ́ ìtọ́jú Windows 10 dúró ní 14 October 2025, ẹ̀rọ náà kò kúnjú òṣùwọ̀n Windows 11, ni ọmọ rẹ̀ bá fi ètò mìíràn tó ń jẹ́ Linux sí i, ó sì ń ṣiṣẹ́ dáadáa. Nígbà tí òtútù mú, update kan wọlé lóru, ó gbé kernel tuntun dání. Ilẹ̀ ọjọ́ kejì ló mọ́ bá ariwo. Wọ́n gbé e lọ sí ṣọ́ọ̀bù kan lẹ́bàá Fordham Road; ẹni tó dá wọn lóhùn kò tilẹ̀ tan án, ó ní ó ti gbó, kí wọ́n lọ ra tuntun.

Inú mi ru. Owó tí obìnrin yìí fi oorun ṣe ni wọ́n fẹ́ kó dà sórí ẹ̀rọ tuntun, nígbà tí kò sí irin kankan tó bàjẹ́ nínú èyí tó ní. Lóòótọ́, Gómìnà Kathy Hochul ti fọwọ́ sí òfin tó fún ará ìpínlẹ̀ New York lẹ́tọ̀ọ́ láti rí irin àti ìwé àtúnṣe ẹ̀rọ wọn gbà, ní December 2022. Ṣùgbọ́n àwọn ẹ̀rọ tó jáde láti 1 July 2023 síwájú ni òfin náà kàn. Ẹni tí ẹ̀rọ rẹ̀ ti dàgbà jù bẹ́ẹ̀ lọ, àfi ẹni tó bá mọ̀ ọ́n ló lè gbà á sílẹ̀. Ìyá náà ní, “Ọmọ mi, bá mi wò ó, ìdánwò mi ń bọ̀.” Mo ní, “Ẹ fi í sílẹ̀, Mọ́mì. Ẹ lọ sinmi.”

Ìta ẹ̀rọ ni mo kọ́kọ́ yẹ̀ wò. Láti 1 October títí di 31 May ni òfin New York fi ń mú onílé láti máa mú ilé gbóná: bí ìta bá ti tutù ju ìwọ̀n 55 Fahrenheit lọ lójú ọ̀sán, inú ilé kò gbọdọ̀ wálẹ̀ ju 68 lọ. Nínú àwọn ilé àtijọ́ ní Bronx, èyí ni pé radiator ń hó lábẹ́ fèrèsé, tábìlì sì sábà máa ń wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Bí update àti radiator bá bọ́ sí ọ̀sẹ̀ kan náà, wọn á di ẹ̀bi ru kernel lásán. Mo gbé láàpútọ́ọ̀pù náà jìnnà sí ooru, mo gbé e sórí pákó lásán, mo fọn eruku ẹnu ihò rẹ̀. Ariwo kò yí padà.

Ìgbà náà ni mo wá bi kernel léèrè. Kernel ni ìpìlẹ̀ ètò, òun ló ń bá irin ẹ̀rọ sọ̀rọ̀ tààrà. Ti Linux ni Linus Torvalds kéde ní August 1991, nígbà tó jẹ́ akẹ́kọ̀ọ́ ní Helsinki. Àṣẹ uname -r á sọ èyí tí ẹ̀rọ ń lò. Ọ̀pọ̀ ẹ̀ka Linux kì í ju kernel àtijọ́ nù lójú ẹsẹ̀, nítorí náà bí ẹ̀rọ bá ń jí, ẹ lè mú u láti inú àkójọ GRUB. Ìdánwò yìí ni mo fẹ́ràn jù, torí kò gba owó, kò gba irinṣẹ́, kò sì gba ìmọ̀ jíjinlẹ̀. Mo fi kernel àtijọ́ gbé e dìde: fáànù dákẹ́. Mo fi tuntun gbé e dìde: ó tún bẹ̀rẹ̀. Ẹni tó sọ pé ẹ̀rọ ti gbó ti jẹ̀bi níbẹ̀ yẹn.

Mo ṣí terminal, mo tẹ top, àṣẹ tó ń fi ètò tó ń lo ọpọlọ ẹ̀rọ jù hàn lókè. Ẹni tó bá ṣe bẹ́ẹ̀ lẹ́yìn update lè bá orúkọ púpọ̀ pàdé lókè, wọn kì í sì í ṣe olè tán. Ètò tó ń ka fáìlì sílẹ̀ kí ìwárí lè yára máa ń ṣiṣẹ́ kára lẹ́yìn update. Ẹ fi í sílẹ̀ di ọjọ́ kejì. Lórí Mac, kernel_task lè wà lókè pátápátá, Apple fúnra wọn sì ti ṣàlàyé pé ńṣe ló ń gba àyè lọ́wọ́ àwọn ètò yòókù kí ẹ̀rọ lè tutù. Ohun tó ń dá àwọn èèyàn lóró jù ni ti awakọ̀ (driver) àwòrán: bí módù Nvidia kò bá bá kernel tuntun mu, tí DKMS, ètò tó ń kọ́ irú módù bẹ́ẹ̀ padà, kò sì rí i ṣe, ètò kan tó ń jẹ́ llvmpipe á máa fi ọpọlọ ẹ̀rọ ya gbogbo ohun tó wà lójú ìbòjú. Fídíò kékeré kan á sì sọ ẹ̀rọ di ààrò. Ti Mọ́mì kò rí bẹ́ẹ̀. Ẹni tó wà lókè níbẹ̀ ń jẹ́ kworker, ó sì fẹ́rẹ̀ẹ́ gba ọ̀kan lára àwọn ọpọlọ ẹ̀rọ náà tán láìsí ètò kankan tí a ṣí.

Kworker ọmọ kernel, dìde kí n kì ọ́.
A-gbé-ìsàlẹ̀-ilé tí onílé kò mọ̀,
aláápọn tí kò rí èrè kó jọ,
o kú iṣẹ́ àṣedànù.
Ìwọ tó sáré látàárọ̀ tí o kò débì kan,
ìwọ tó làágùn tí oko kò ro.
Wọ́n ní kí o gbé e, o gbé e,
wọ́n ní kí o sọ ọ́ kalẹ̀, o sọ ọ́ kalẹ̀,
o kò bèèrè ohun tó wà nínú ẹrù.
Ọkùnrin mẹ́ta! Igbá òfìfo lo rù yí ìlú ká.

Irú iṣẹ́ òfo yìí ti ṣẹlẹ̀ rí, ó sì tóbi ju láàpútọ́ọ̀pù kan lọ. Ní Sátidé 30 June 2012, gẹ́lẹ́ kí aago mẹ́jọ alẹ́ tó lù ní New York, àwọn tó ń ṣọ́ aago ayé fi ìṣẹ́jú-àáyá kan ṣoṣo kún ọjọ́, nítorí pé yíyí ayé kì í bá aago átọ́ọ̀mù dọ́gba. Kernel Linux gba ìṣẹ́jú-àáyá náà, ṣùgbọ́n kò sọ fún apá tó ń jí àwọn ètò lójú oorun. Apá yẹn wá fi ìṣẹ́jú-àáyá kan ṣáájú. Ètò tó ní kí wọ́n jí òun láìpẹ́, wọ́n ń jí i lójú ẹsẹ̀. Ó wò ó pé àkókò kò tíì tó, ó sùn, wọ́n tún jí i. Reddit dákú. Ó kan Mozilla, ó kan Gawker tó fi New York ṣe ilé. Ilé-iṣẹ́ Hetzner ní Jámánì rí i pé iná tí àwọn ẹ̀rọ wọn ń jẹ fò sókè ní nǹkan bíi megawatt kan lóru ọjọ́ náà. Megawatt kan, ká fi máa sùn ká fi máa jí! Oògùn rẹ̀ kò ju kí a fi ọwọ́ tún aago ṣètò sí àkókò tó ti wà tẹ́lẹ̀. Ní November 2022, àpérò àgbáyé lórí ìwọ̀n fẹnu kò pé àṣà fífi ìṣẹ́jú-àáyá kún un yìí kò ní kọjá 2035.

Àwọn tó jí ṣọ́ ẹ̀rọ wọn lóru yẹn láìmọ ìdí rẹ̀, orúkọ ètò tó wà lókè ni wọ́n ń bú: Java, MySQL. Wọn kò jẹ̀bi. Kworker náà kò fi bẹ́ẹ̀ jẹ̀bi. Alágbàṣe ni: iṣẹ́ tí apá mìíràn nínú kernel bá tò sílẹ̀ ló ń ṣe. Nítorí náà mo lọ bi í léèrè ẹni tó rán an níṣẹ́.

Nínú /sys/firmware/acpi/interrupts ni ìwé ìpè wà. Ìpè tí wọ́n ń pè ní GPE dà bí agogo ẹnu ọ̀nà tí irin ẹ̀rọ fi ń pe kernel: wọ́n ti di ìdérí, wọ́n ti so okùn iná mọ́ ọn. Ìlà kọ̀ọ̀kan ní iye ìgbà tó ti lù. Mo kà wọ́n wálẹ̀. Òdo, òdo, díẹ̀, òdo. Ọ̀kan ṣoṣo ti kọjá ẹgbẹẹgbẹ̀rún, mo sì tún àṣẹ náà tẹ̀, ó ti lé sí i gan-an kí n tó mí. Ẹnikẹ́ni kò fọwọ́ kan ìdérí. Okùn iná kò mì. Mo pàtẹ́wọ́ fún un níbi tí mo jókòó sí.

Ìwọ rèé! A-lu-agogo-má-níṣẹ́-rán,
a-kanlẹ̀kùn-má-wọlé.
Wọ́n ṣílẹ̀kùn, wọn kò rí ọ;
wọ́n tilẹ̀kùn, o tún dé.
Ìwọ lo rán kworker níṣẹ́ tí kò lórúkọ,
kworker mú ọpọlọ gbóná,
ọpọlọ ni kí fáànù ké,
fáànù ké, wọ́n bú fáànù,
ìwọ jókòó, o ń jẹ́ ọmọlúàbí.
Òkìkí rẹ dé Fordham Road,
ó fẹ́rẹ̀ẹ́ gbowó lápò Mọ́mì.
Ìwọ lo ni oríkì, gba ohun rẹ.

Mo wọlé gẹ́gẹ́ bí root, ọ̀gá ẹ̀rọ, mo kọ disable sínú fáìlì ìlà náà. Kworker wálẹ̀ lójú ẹsẹ̀, fáànù sì rọlẹ̀ díẹ̀díẹ̀. Ẹ̀yin tó fẹ́ ṣe bẹ́ẹ̀, ẹ ṣọ́ra: agogo kan náà lè jẹ́ èyí tí bátìrì tàbí bọ́tìnnì ìtànná ń lò. Ẹ di ìdérí kí ẹ ṣí i, ẹ yọ okùn iná kí ẹ wò bóyá ẹ̀rọ mọ̀. Ti Mọ́mì mọ̀. Àṣẹ náà kì í sì í dúró bí ẹ bá pa ẹ̀rọ. Mo ní láti kọ ọ́ sí ibi tí yóò ti máa ṣiṣẹ́ nígbàkígbà tó bá jí. Wọ́n á ní kí ló dé tí a kò kàn fi kernel àtijọ́ sílẹ̀ títí láé. Nítorí ihò ààbò ni. Nígbà tí Meltdown àti Spectre jáde ní January 2018, inú kernel tuntun ni odi tí wọ́n mọ sí i wà.

Ohun tó kù, tí ọ̀pọ̀ kì í ṣe, ni ká sọ fún àwọn tó ń kọ kernel. Wọ́n ń gbọ́. Kernel 2.6.38 tó jáde ní March 2011 ń jẹ bátìrì láàpútọ́ọ̀pù. Michael Larabel ti ìkànnì Phoronix pariwo, ó wọn iná rẹ̀, ó tọ́ka sí ibi tó ti wá. Matthew Garrett, ọ̀kan lára àwọn tó ń kọ kernel, tú u wò, ó sì rí i pé ọ̀nà tí kernel gbà ń ka ohun tí BIOS sọ nípa ìfipamọ́ iná ni kò dára. Àtúnṣe rẹ̀ wọ kernel 3.3 lọ́dún 2012. Lónìí, Thorsten Leemhuis ń tọpa irú ohun tó ń ṣiṣẹ́ tẹ́lẹ̀ tí update sì bà jẹ́, ó ń kọ wọ́n sílẹ̀ kí wọ́n má bàa sọnù. Ẹni tó bá ní sùúrù lè lo git bisect, tó ń pín àwọn àyípadà sí méjì, tó tún ń pín ìdajì sí méjì, títí tí àyípadà kan ṣoṣo á fi kù lórí àtẹ.

Mo kọ orúkọ ẹ̀rọ náà sílẹ̀, kernel tó dára, kernel tó bẹ̀rẹ̀ ariwo, àti iye tí agogo náà lù, mo sì fi ránṣẹ́. Mọ́mì ti gba láàpútọ́ọ̀pù rẹ̀ padà, ó sì ti fi ṣe ìdánwò. Bí update mìíràn bá wọlé, màá yọ àṣẹ tí mo kọ síbẹ̀, màá sì tún ìlà náà kà.