Ìjàpá, Alága Ìgbìmọ̀ Òórùn

Àlọ́ o!
Àlọ̀!
Àlọ́ mi dá gbírígbírí, kò dá lórí ẹnikẹ́ni tí ẹ mọ̀ l'Ádó-Èkìtì. Ó dá lórí Ìjàpá, ọkọ Yánníbo.

Ní ọdún kan, ọyẹ́ mú ní Èkìtì. Ó mú títí ètè Kìnìún, ọba ẹranko, fi là. Àwọn ìjòyè ní kí Kábíyèsí lọ yá ara ní Ìkọ́gọ̀sì, níbi tí omi gbígbóná àti omi tútù ti ń pàdé. Ìjàpá wo omi náà títí, kò rí kọ́ńtíráàtì kankan nínú rẹ̀. Ló bá ní kí wọ́n ra ọkọ̀ ńlá tòkunbọ̀ kan, èyí tó ní bẹ́ẹ̀dì, tó ní ilé ìdáná, tó ní ẹ̀rọ tó ń fi gáàsì mú inú ọkọ̀ gbóná.

Gbogbo ẹranko dáwó. Wọ́n ra ọkọ̀. Wọ́n gbé e dé Ọjà Ọba, wọ́n tan ẹ̀rọ. Ó rùn díẹ̀, ó dá. Eruku ló jóná lórí rẹ̀. Ẹ̀rọ tó bá ti pẹ́ láìṣiṣẹ́ a máa ṣe bẹ́ẹ̀.

Lẹ́yìn ọjọ́ díẹ̀, òórùn mìíràn dé. Eléyìí kò lọ. Kìnìún sín, ìlú dàrú. Wọ́n gbé ìgbìmọ̀ ìwádìí dìde, Ìjàpá ni alága. Kí wọ́n tó jókòó rárá, ó ti bèèrè owó ìjókòó. Ó wá lé orin:

Òórùn kan wọ ọkọ̀ ọba,
Ẹ dimú, ẹ dimú!
Ta ló só tí kò jẹ́wọ́?
Ẹ dimú, ẹ dimú!
Ìjàpá ni yóò wádìí rẹ̀,
Ẹ sanwó, ẹ sanwó!

Ìjàpá ní, "Kí ọkọ̀ yìí tó dé, ta ló ń rùn ní ìlú?" Gbogbo ojú yí sí Òbúkọ. Òbúkọ ní òun kò wọ ọkọ̀ náà rí. Wọ́n ní kò burú, kó ṣáà máa lọ sí Ìkéré. Òbúkọ lọ, òórùn kò lọ. Wọ́n kọrin, wọ́n sanwó.

Ìjàpá ní kí wọ́n ra lọ́fínńdà. Wọ́n dà á sínú ọkọ̀. Òórùn àti lọ́fínńdà jọ ń gbé. Wọ́n kọrin, wọ́n sanwó.

Ìjàpá ní fáànù ló bàjẹ́. Ó tú u, ó kùn ún lọ́dà, ó dá a padà, ó pè é ní tuntun. Wọ́n kọrin, wọ́n sanwó.

Ẹ súnmọ́ mi. Ìlú ti dá ẹja àrọ̀ jọ fún ọdún ọba, ó sì pòórá. Inú páìpù tí ooru ń gbà wọ ọkọ̀ ni Ìjàpá kó o sí. Ó rò pé ooru yóò yan án. Ooru kò yan án, ó bà á jẹ́. Lóròòru ni Ìjàpá ń rá wọlé lọ kà á, èèpo ẹ̀yìn rẹ̀ sì ń gbo ojú ibi tí wọ́n ti so páìpù gáàsì pọ̀.

Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kan, òórùn yí padà. Ó ń rùn bí ẹyin tó bàjẹ́, ó sì ń fi ilẹ̀ wọ́. Ayékòótọ́ sáré dé ààfin.

"Kábíyèsí, eléyìí kì í ṣe ti ẹja o."

Ìjàpá fò dìde. "Ta ló dárúkọ ẹja?"

Ayékòótọ́ ń bá tirẹ̀ lọ. "Gáàsì ni. Gáàsì fúnra rẹ̀ kì í rùn, ènìyàn ló ń fi òórùn sí i. Ní 1937, ó jò sábẹ́ ilé ìwé kan ní New London, ní Texas l'Amẹ́ríkà. Kò sẹ́ni tó gbóòórùn rẹ̀. Ó bú gbàmù, ó pa ọmọ àti olùkọ́ tó súnmọ́ 300. Ìgbà náà ni wọ́n ṣe òfin pé kó máa rùn. Ẹ ti ẹnu sílíńdà, ẹ ṣí fèrèsé, ẹ má ṣáná. Lọ́la, kí a fi omi ọṣẹ pa gbogbo ojú páìpù. Ibi tó bá ti ń hó, ibẹ̀ ló ti ń jò."

Ìjàpá ní, "Ta ló yan Ayékòótọ́ sí ìgbìmọ̀? Òórùn ni òórùn ń jẹ́."

Síbẹ̀, "gbogbo ojú páìpù" kò jẹ́ kó sùn. Lóru, kò ti sílíńdà, kò ṣí fèrèsé. Ó gbé apẹ̀rẹ̀, ó rá wọ ọkọ̀ kó lọ kó ẹja rẹ̀. Ilẹ̀ ṣú. Ó ṣáná.

Gbàmù!

Ẹja ń rọ̀ ní Ọjà Ọba. Ọ̀kan balẹ̀ síwájú Kìnìún, okùn tí ìlú fi so ó ṣì wà lọ́rùn rẹ̀. Èèpo ẹ̀yìn Ìjàpá fọ́ wẹ́wẹ́. Wọ́n ṣà á, wọ́n tò ó pọ̀. Ojú àpá náà lẹ ń rí lẹ́yìn rẹ̀ títí dòní. Wọ́n ránṣẹ́ pe Òbúkọ padà. Wọ́n ní kí Ìjàpá kó gbogbo owó ìjókòó tó gbà sílẹ̀.

Ìjàpá gbórí sókè lórí ẹní. Ó ní òun gbọ́, ṣùgbọ́n kí wọ́n kọ́kọ́ gbé ìgbìmọ̀ dìde lórí ohun tó bú yìí, òun ló sì yẹ kó ṣe alága, nítorí òun nìkan ló wà níbẹ̀ nígbà tó ṣẹlẹ̀.