Ta Ló Ń Bá Ìyá Ìbejì Sọ̀rọ̀ Lóru?

Kí ẹlòmíràn tó bà á jẹ́ létí yín, ẹ jẹ́ kí n tètè rò ó bó ṣe jẹ́. Èmi kì í ṣe òfófó. Ilé tí à ń gbé ní Bàrígà yìí ni wọn ò fi símẹ́ńtì púpọ̀ kọ́: yàrá mẹ́fà kọjú sí yàrá mẹ́fà, kọ́rídọ̀ kan ṣoṣo láàárín. Bí ẹni tó wà ní yàrá àkọ́kọ́ bá sín, ẹni tó wà nítòsí balùwẹ̀ lẹ́yìn ló máa kí i pẹ̀lẹ́. Nínú irú ilé bẹ́ẹ̀, ẹni tí kò bá gbọ́ ọ̀rọ̀ ni kí wọ́n gbé lọ sọ́sibítù.

Ohun tí a gbọ́ ni pé Ìyá Ìbejì, obìnrin jẹ́jẹ́ tó ń ta ìrẹsì nídìí Ladi-Lak, ń bá ọkùnrin kan sọ̀rọ̀ lóru. Kì í ṣe ọkọ rẹ̀ o. Tírélà lọkọ ń wà, kì í sí nílé. Aago kan òru á ti kọjá, ẹ ó máa gbọ́ ọ ní kọ́rídọ̀, níbi tí nẹ́tíwọ̀kì ti dáa: "Ẹ kú iṣẹ́ sà. Mò ń gbọ́ yín sà. Ẹ tún un sọ sà, kò tíì wọlé." Kí ni kò tíì wọlé? Ìyá Alákàrà ló kọ́kọ́ ta mí lólobó. Ó ní kí n má sọ fún ẹnikẹ́ni. Mo sì kìlọ̀ bẹ́ẹ̀ náà fún gbogbo àwọn tí mo sọ ọ́ fún.

Kí ilẹ̀ ọjọ́ kejì tó ṣú, ọ̀rọ̀ ti dé ẹnu kànga. Àwọn kan ní wòlíì ni. Àǹtí Onígèlè ní rárá, wòlíì wo ló ń fi òru mọ́jú láìgba owó? Bàbá Lándíláàdì ló ba orin wa jẹ́. Ó gbé pákò lẹ́nu jáde, ó ní, "Ẹ fi obìnrin yẹn sílẹ̀. Ó ti wọ yunifásítì."

Yunifásítì wo? Ẹni tó ń da iná ìrẹsì láti ìdájí?

"NOUN, National Open University of Nigeria," ni bàbá wí. "Inú fóònù ló ti ń lọ."

Ẹ ò mọ Bàbá Lándíláàdì wa. Bí ẹ bá béèrè iye tí aago lù lọ́wọ́ rẹ̀, ìtàn ẹni tó kọ́kọ́ gbé aago wọ Èkó lẹ máa fi ìdúró gbọ́. Ó ní kí a jókòó. Ó ní ẹ̀kọ́ àtòkèèrè kì í ṣe nǹkan tí àwọn ọmọ fóònù mú wá, pé nígbà tiwọn, inú àpò lẹ́tà ni iléèwé ń gbà wọlé. Póòsìtì máànù á gbé e dé lórí kẹ̀kẹ́, ẹ ó kà á, ẹ ó dáhùn, ẹ ó lẹ sítáǹbù, ó di Lọ́ńdọ̀nù. Kí èsì tó dé, ẹ ti gbàgbé ìbéèrè. Ó ní bẹ́ẹ̀ ni Awólọ́wọ̀ ṣe jókòó sí Nàìjíríà níbí gba oyè B.Com. ti Yunifásítì Lọ́ńdọ̀nù, kó tó wá wọkọ̀ lọ kọ́ òfin lọ́hùn-ún ní 1944. Òun náà sì bá Rapid Results College ka GCE, nítorí náà ẹgbẹ́ kan náà ni òun àti Awólọ́wọ̀. A ò dá a lóhùn. Ilé rẹ̀ là ń gbé.

Lẹ́yìn GCE ló wọ COSIT. Ọdún 1974 ni UNILAG dá ẹ̀ka tó ń fi ìwé ránṣẹ́ sí akẹ́kọ̀ọ́ sílẹ̀ ní Akọka, òun ló di COSIT, òun náà ni wọ́n ń pè ní Distance Learning Institute báyìí. Ẹ wá bá mi wo ọ̀rọ̀ yìí dáadáa. Akọka! Ibi tí à ń fẹsẹ̀ rìn lọ ra búrẹ́dì! Bàbá ń kàwé àtòkèèrè níbi tó jẹ́ pé bó bá gbàgbé bírò sílé, ìyàwó rẹ̀ lè fi rán ọmọ sí i. Ìyá Ìbejì wá ń kọ́? Jàbí, l'Ábùjá, ni olú iléèwé tirẹ̀ wà, kò sì fojú kan géètì rẹ̀ rí. Èyí tó wà lẹ́yìnkùlé kò gbà á nítorí ìdánwò JAMB. Èyí tó wà l'Ábùjá kò béèrè JAMB, ó gba òun àti ìkòkò ìrẹsì rẹ̀.

Bàbá ò tíì parí o. Ó ní NOUN yìí gan-an ti kú rí. Oṣù Keje 1983 ni ìjọba Ṣàgàrí dá a sílẹ̀. Kó tó rìn jìnnà, àwọn ológun dé, nígbà tó sì di oṣù Kẹrin 1984, ìjọba Bùhárí tì í pa. Ó wà bẹ́ẹ̀ títí Ọbásanjọ́ fi jí i dìde ní 2001. Ọbásanjọ́ ò wá jí i dìde lásán: bó ṣe kúrò l'Ásò Rock, ó lọ forúkọ sílẹ̀ níbẹ̀ láti kọ́ ẹ̀kọ́ nípa ìsìn Krìstẹ́nì. Ó ti lé díẹ̀ lọ́gọ́rin ọdún nígbà tí wọ́n gbé oyè ọ̀mọ̀wé lé e lórí níbẹ̀rẹ̀ 2018. Lópin ọdún yẹn kan náà, Bùhárí, tó ti padà wá di Ààrẹ alágbádá, buwọ́ lu àtúnṣe òfin tó ṣínà fún àwọn tó jáde ní NOUN láti lọ ṣe àgùnbánirọ̀ àti láti wọ iléèwé àwọn lọ́yà. Ọwọ́ tó tì í pa náà ló fọwọ́ sí i. Ìyá Alákàrà ní òun mọ̀ pé òṣèlú kì í bínú pẹ́.

Ẹ dákun, ibo ni mo dé? Ọkùnrin òru.

Ọkùnrin náà, akẹ́kọ̀ọ́ bíi Ìyá Ìbejì ni. Gáàdì ni ní Ìlọrin, ó sì gbọ́ ìṣirò owó ju ẹni tó kọ ìwé rẹ̀ lọ. Òun ló ń ṣàlàyé fún àwọn ẹgbẹ́ wọn lórí WhatsApp: nọ́ọ̀sì kan wà níbẹ̀ láti Ọ̀yọ́, sọ́jà kan wà níbẹ̀ láti Kàdúná. Òru ni wọ́n ń ṣe é nítorí òru ni gáàdì ráyè, òru ni ọmọ nọ́ọ̀sì ń sùn, dátà òru sì rọjú ju tọ̀sán lọ. Kò sí èyí tó rí ojú ẹnì kejì rí. Síbẹ̀ bí Kẹ́hìndé bá wúkọ́ nínú yàrá, ẹ ó gbọ́ ohùn láti Ìlọrin: "Ẹ fún un ní omi gbígbóná, mà."

Ká sọ òótọ́, àwọn ìbejì yìí ló kọ́kọ́ mú iléèwé wọnú fóònù nílé wa. Nígbà tí kòrónà ti gbogbo iléèwé pa ní oṣù Kẹta 2020, ìjọba Èkó gbé olùkọ́ wá sórí rédíò àti tẹlifíṣọ̀n. Àwọn oníná gbé iná lọ. Tíṣà tiwọn wá ń fi ohùn ránṣẹ́ lórí WhatsApp. A gbọ́ ìṣirò, a sì gbọ́ ohùn ọkọ tíṣà lẹ́yìn, tó ń béèrè pé ta ló jẹ ẹran òun.

Bọ̀dá Atẹ̀wé wa ni ọ̀rọ̀ iléèwé inú fóònù yìí kọ́kọ́ dun. Ẹ mọ̀ pé Ṣómólú ni wọ́n ti ń tẹ̀wé: káàdì ìgbéyàwó, kàlẹ́ńdà, pósítà àwọn olóṣèlú. Ẹ wọ Bajulaiye lọ́sàn-án, ariwo ẹ̀rọ ni yóò kí yín. Nígbà tí iléèwé Ìyá Ìbejì bẹ̀rẹ̀ sí í kó ìwé wọn sórí íntánẹ́ẹ̀tì ní PDF, Bọ̀dá káwọ́ lérí, ó ní wọ́n ti pa òun. Kò pẹ́ ni àwọn akẹ́kọ̀ọ́ rọ́ dé. Ojú ń dun ọ̀kan, fóònù èkejì ti fọ́ lójú, bátìrì ẹ̀kẹta kì í ju wákàtí kan lọ. "Bọ̀dá, ẹ bá mi tẹ̀ ẹ́ jáde, ẹ bá mi fi wáyà dì í." Ìwé tí wọ́n sọ pé àwọn ò tẹ̀ mọ́, Ṣómólú ti tẹ̀ ẹ́. Tèmi ni pé wọ́n gbọ́n. Mo ti rí Ìyá Ìbejì tó ń ka PDF. Ojú ewé kejì ló ti ń sùn, àmọ́ bébà kì í jẹ́ kó sùn, torí ó lè fi bírò gún un.

Ti Tíṣà yàrá kẹsàn-án tún lé ti gbogbo wa kẹ́yìn. Yorùbá lòun ń kọ́ àwọn ọmọ tó wà ní Houston. Aago mọ́kànlá òru ní Bàrígà, márùn-ún ìrọ̀lẹ́ ni lọ́hùn-ún nígbà ooru wọn, bẹ́ẹ̀ ni yóò ṣe máa pariwo "a, b, d" lórí kọ̀ǹpútà. Àwọn ọmọ kọ́ḿpáǹdì wa tí ooru ò jẹ́ kí wọ́n sùn, tí iléèwé wọn ń gbowó ìtanràn lọ́wọ́ wọn bí wọ́n bá sọ Yorùbá, wá ń dúró lójú fèrèsé dáhùn kí ti Houston tó lanu. Ìyá kan lọ́hùn-ún béèrè pé ọmọ ta lorí rẹ̀ pé tó báyìí. Tíṣà ní nẹ́tíwọ̀kì ni.

Ṣùgbọ́n ní NOUN, ìdánwò kò mọ fóònù. Iṣẹ́ àṣetiléwá tí wọ́n ń pè ní TMA lè wà lórí íntánẹ́ẹ̀tì, mo sì gbọ́ pé àwọn kan ń sanwó fún àwọn ọmọ bísínẹ́ẹ̀sì sẹ́ńtà láti bá wọn ṣe é. N ò dárúkọ. Ojú ń tì mí fún wọn. Bó bá di ìdánwò, ẹsẹ̀ ara ẹni lèèyàn ń fi lọ, kí wọ́n rí ojú ẹ. Kọ̀ǹpútà ni wọ́n fi ń ṣe ti àwọn ọdún àkọ́kọ́, bó bá gòkè sí i, bírò àti bébà ló kù. Ìyá Ìbejì gba orí afárá Third Mainland, tó lé ní kìlómítà mọ́kànlá, lọ sí Ahmadu Bello Way ní Erékùṣù. Ta ló ta ìrẹsì lọ́jọ́ náà? Èmi ni. Ẹ má bi mí bí ẹran ṣe kéré. Ìyá Alákàrà mú àwọn ìbejì, Bọ̀dá Atẹ̀wé tẹ ìwé láwìn, Bàbá Lándíláàdì pàápàá ní òun ò ní béèrè owó ilé títí ìdánwò yóò fi parí. Wọ́n ní kò sí ògiri ní iléèwé yìí. Irọ́ ni. Ògiri wa ló ń lò. Bí wọ́n bá fún un ní sátífíkéètì, ó yẹ kí wọ́n kọ orúkọ gbogbo yàrá sí i.

Ìdánwò mìíràn ń bọ̀. Ẹ̀yin tí ẹ ní irú Ìyá Ìbejì ní kọ́ḿpáǹdì yín, ẹ bá wa rẹ rédíò sílẹ̀ bó bá ti di aago mọ́kànlá, kí ẹ sì gbé jẹnẹrétọ̀ yín jìnnà sí fèrèsé. Ẹ̀yin tí ẹ sì ti ń sọ kiri pé ó ní àlè, ẹ padà lọ tún un sọ. Èmi ti sọ tèmi.